Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí dátà kò jẹ́ kó ṣeé ṣe: ohun tí mo ṣe

Ọmọ 11 ni mò ń kọ́ ní Ìṣirò lálẹ́, láti yàrá mi ní Bàrígà. Tí a bá ti lo bí ìṣẹ́jú 15 lórí fídíò, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọ̀kan nínú wọn pè mí: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, dátà ọ̀sẹ̀ kan ló tán lálẹ́ ọjọ́ kan.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Mo ní kí wọ́n pa kámẹ́rà, kò tó. Mo ra ráútà tuntun, kò yí nǹkan kan padà, torí ọ̀dọ̀ tiwọn ni dátà ti ń tán.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ nìyí. Mo ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, mo ń fi fóònù yà á, mo sì ń kọ nọ́ńbà sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo ń gba ohùn mi sílẹ̀: “Ẹ wo àwòrán kẹta, ibi tí mo fàlà sí…” Mo ṣí ohùn náà nínú Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Mo sọ ọ́ di Mono (ohùn ojú ọ̀nà kan ṣoṣo), mo lọ sí Export (ibi tí a ti ń fi fáìlì pamọ́), mo yan MP3, Bit Rate Mode ní Constant, 32 kbps (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni fáìlì ṣe ń fúyẹ́ tó). Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 20 kò ju bíi 5 MB lọ. Google Classroom, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Google, ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Àkáǹtì Gmail lásán ti tó. Ìṣẹ́jú 20 péré la fi ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Sátidé, fún ìbéèrè nìkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn ló gbọ́ ẹ̀kọ́ náà délẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ lè ṣì nílò fídíò. Ìṣirò ni tèmi.