Ẹ má sọ láíbìrì di ilé ìdánwò: àṣìṣe táwa àgbà máa ń ṣe tá a bá fẹ́ kọ́mọ fẹ́ràn ìwé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kẹ́ ẹ má bàa ní mò ń bá yín wí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ran àwọn ọmọ pírámárì lọ́wọ́ ní láíbìrì, nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti fọwọ́ ara mi ṣe tó mẹ́ta, àwọn tó kù ṣojú mi kòró.

Ọmọ kan wà tó máa ń wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìgbàkígbà tó bá dé, ìwé ejò ló máa mú. Ejò lónìí, ejò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé kan wà tí fọ́tò ejò tó lanu gbàgà wà níwájú ẹ̀, ọmọ yìí yá a tó ìgbà mẹ́fà, ó débi pé ó ti mọ nọ́ńbà ẹ̀ lórí, 597.96, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé ejò ní láíbìrì tó bá ń lo ètò Dewey (ètò ọ̀hún ti wà láti 1876). Á kàn wọlé, á kí wa, á gba ibi ṣẹ́ẹ̀fù yẹn lọ tààrà. Èmi wá lọ gbọ́n jù. Lọ́jọ́ kan mo gba ìwé ejò lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní "ejò yìí ti tó gẹ́ẹ́, wá mú ìtàn gidi", mo gbé ìwé kan fún un tó nípọn díẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ìwà rere kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ó dúpẹ́ o, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi rí i. Nígbà tó máa dá ìwé yẹn padà, mo ṣí i wò, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde náà ló ṣì rí.

Ká máa bọ́mọ yan ìwé tipátipá, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Kì í ṣe pé ìwé tá a yàn ò dáa. Ó dáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwa la fẹ́ràn ẹ̀. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Ranganathan gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ fún iṣẹ́ láíbìrì lọ́dún 1931, òfin kìíní ni pé ìwé wà fún lílò, ìkejì ní kí kálukú rí ìwé tiẹ̀, ìkẹta ní kí ìwé kọ̀ọ̀kan rí ẹni tó máa kà á. Kò síbi tó ti ní kí àgbà dúró sáàárín wọn bíi pọlíìsì ojú títì.

Ẹ tún máa gbọ́ táwọn òbí ń sọ pé "ìwé yìí ti kéré sí ẹ". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó ń ka ìwé tó rọrùn fún un, fàájì ló ń ṣe, ojú ẹ̀ sì ń já gaara sí i lórí ọ̀rọ̀ láìmọ̀. Kọ́míìkì ńkọ́? Ìwé ni. Ìwé àwàdà, ìwé bọ́ọ̀lù, ìwé tó kún fún àwòrán mọ́tò, ìwé tó ti kà lẹ́ẹ̀mẹta tó tún fẹ́ kà, ìwé ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ̀ bóyá ìwé kan le jù, ẹ kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìka márùn-ún: kó ṣí ojú ìwé kan láàárín, kó máa kà á, ọ̀rọ̀ tí ò bá mọ̀, kó na ìka kan, tí ìka márùn-ún bá pé kó tó parí ojú ìwé yẹn, á jẹ́ pé ìwé náà lè le díẹ̀ fún un láti dá kà. Ọmọ fúnra ẹ̀ ni kó na ìka o, kì í ṣe ẹ̀yin. Tó bá sì ní òun ṣì fẹ́ ẹ torí àwòrán inú ẹ̀, ẹ fún un jàre, ẹ ó kà á fún un nílé.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rudine Sims Bishop, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1990 pé ìwé lè jẹ́ dígí tọ́mọ ti máa rí ara ẹ̀, ó sì lè jẹ́ fèrèsé tó máa fi wo ayé ẹlòmíì. Ọmọ tó ti wo ṣẹ́ẹ̀fù láti òkè délẹ̀ tí ò rí ẹni tó jọ ọ́, tí ò rí ìwé kan báyìí ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn, ẹ má pè é lọ́lẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù wá ni ti ìdánwò. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, a ní àsìkò láíbìrì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n á kó wa wọlé, kálukú á mú ìwé kan, tó bá di Mọ́ńdè a gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú nótì: orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó wà nínú ìtàn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta tá a rí kọ́, ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo kíláàsì ti mọ ìwé tó fẹ́lẹ́ jù ní láíbìrì yẹn. À ń jà sí i! Èmi tiẹ̀ débi pé mi ò ka ìwé mọ́ rárá, màá ka ojú ìwé àkọ́kọ́, màá ka ti ìparí, màá da ohun tó wà lẹ́yìn ìwé kọ, ẹ̀kọ́ mẹ́ta sì ti wà nílẹ̀ dè mí fún ìwé yòówù kó jẹ́: ká jẹ́ olóòótọ́, ká máa gbọ́rọ̀ sí òbí lẹ́nu, ká má ṣọ̀lẹ. Mo gba máàkì o. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè dá jókòó ka ìwé kó sì máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tẹ́ ẹ bá wo fíìmù tán lálẹ́ tẹ́nì kan wá gbé bíró fún yín pé kẹ́ ẹ kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ṣé ẹ máa wo òmíì lọ́la? Ìdánwò kíkà ní àyè tiẹ̀ ní kíláàsì, mi ò bá tíṣà kankan jà. Láíbìrì ni mò ń sọ. Dípò "kí lo rí kọ́", ẹ bi í pé ibo ló pa á lẹ́rìn-ín, tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ máa ka tiyín. Ọmọ tí ìwé bá dùn mọ́, ẹ ò ní bẹ̀ ẹ́ kó tó ròyìn, ẹ̀yin lẹ máa ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi.

Ẹ̀bùn náà ńkọ́, ka ìwé mẹ́wàá kó o gba báàgì? Mo mọ̀ pé inú ire la fi ń ṣe é. Lọ́dún 1973, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta kan, Lepper, Greene àti Nisbett, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó fẹ́ràn láti máa fi máákà yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fáwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán, àwọn kan gbà á láìròtẹ́lẹ̀, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè máákà mọ́, àkókò tí wọ́n lò nídìí ẹ̀ ò ju bí ìdajì tàwọn yòókù. Àwòrán nìyẹn o, kì í ṣe ìwé, àmọ́ mo ti rí ohun tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. A lẹ páálí mọ́ ògiri, a wá ń lẹ ìràwọ̀ síwájú orúkọ ọmọ fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan yá ìwé mẹ́rin láàárọ̀, ó dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà kí oòrùn tó wọ̀, ó ní òun ti kà á tán. Ọmọ míì tí orúkọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá ò wá mọ́. Ká tiẹ̀ tú páálí yẹn kúrò gan-an ló le, torí àwọn òbí ti ń wá ya fọ́tò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan, ẹ fún un ní ìwé míì, àbí kẹ́ ẹ gbà á láyè kó fi ìdajì wákàtí pẹ́ sùn torí pé ó ń kàwé lọ́wọ́.

Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ náà rèé. Ìwé inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì lọ sí mítìn. Wọ́n ní àwọn ọmọ máa fà á ya. Wọ́n á fà á ya! Ìwé ọmọdé tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ níhìn-ín lẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwé yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bákan náà ni owó ìtanràn, ìwé á pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ò sówó nílé wọn, ẹ̀rù á bà á, á wá fara pa mọ́, ẹ pàdánù ìwé, ẹ tún pàdánù ọmọ. Láíbìrì ìlú Chicago fòpin sí owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ lọ́dún 2019, ti San Francisco náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ní Chicago sì rèé, àwọn ìwé tó ti pẹ́ níta bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ má sì sọ pé ẹ̀ ń dúró de ilé ńlá tí wọ́n máa kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ilé ti wó lulẹ̀ káàkiri Jámánì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jella Lepman ń kọ lẹ́tà sáwọn orílẹ̀-èdè míì pé kí wọ́n fi ìwé ọmọdé ránṣẹ́. Àfihàn ìwé ló kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ní Munich lọ́dún 1946, ó di ọdún 1949 kó tó di láíbìrì. Àpótí kan, ẹní kan àti àgbà kan tó máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ pé òun máa wà, ó ti tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí tíṣà kì í fura sí: "ẹni tó bá parí iṣẹ́ ẹ̀ kó lọ ka ìwé ìtàn". Ó dáa létí, àbí? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ márùn-ún tó máa ń yára parí náà ló máa ń débẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọmọ tí ìwé kíkà nira fún, tó yẹ kó rí ìwé tó dùn ju ẹnikẹ́ni lọ, kò ní débẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ẹ ya àsìkò kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹ má sì rán aláriwo lọ sí láíbìrì kó lọ jìyà níbẹ̀, ká má tiẹ̀ gùn ún lọ títí.

"Ẹ dákẹ́" náà, ẹ dín in kù. Ọmọ méjì tó forí kan orí lórí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kàwé ni.

Àwọn òbí wá máa ń ṣíwọ́ kíkàwé fọ́mọ gbàrà tó bá ti lè dá kà. Kí ló dé? Etí ọmọ ọdún méje á gbọ́ ìtàn tí ojú ẹ̀ ò tíì lè kà, ẹ ṣì máa kà á fún un, àní ìwé tí wọ́n kà sórí fóònù tọ́mọ kàn ń gbọ́, ìwé kíkà lòun náà, ẹ má fi fóònù ṣe ọ̀tá.

Ọmọ elejò wa ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá a nídìí ṣẹ́ẹ̀fù, mo ní "má bínú, ìwé ẹ rèé", mo tiẹ̀ bi í èwo ló lóró jù nínú wọn, ó sì là mí lọ́yẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mi ò ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá gbé ìwé kan sórí tábìlì mi pé òun fẹ́ yá a, mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kì í ṣe 597.96 mọ́. 597.95 ni. Alángbá.