Bí ẹ ṣe lè fúnra yín ka wákàtí bàlúù láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù

Oṣù Kejìlá ni àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ wọ bàlúù, ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní aago 11 alẹ́ ni wọ́n ń gbéra l'Ékòó, aago 4 ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń balẹ̀. Ó kà á, ó ní wákàtí 5 ààbọ̀ ni. Nígbà tí wákàtí 5 ààbọ̀ pé tí bàlúù ṣì ń lọ nínú òkùnkùn, àyà rẹ̀ já. Ó rò pé wọ́n ti ṣìnà. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì wà nínú àpótí ńlá lábẹ́ bàlúù, kò sí bó ṣe lè mú un. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì n'Íbàdàn, mi ò sì kọ́ àbúrò mi.

Ọ̀nà jíjìn la kọ́kọ́ ń wá. Ti Lọ́ńdọ̀nù rọrùn, torí pé òkè Èkó gan-an ló wà, níhà àríwá. Èkó wà ní digírì 6 ààbọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé, Lọ́ńdọ̀nù wà ní 51 ààbọ̀. Ẹ yọ ti Èkó kúrò, ó ku 45. Digírì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 111. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 45, ó di 4,995. Ẹ pè é ní 5,000.

New York kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló wà sí wa. Òwú ìránṣọ ni mo ń lò fún un, lórí gílóòbù tó rí roboto. Ẹ má lo máàpù pẹlẹbẹ, ó máa ń fa ilẹ̀ àríwá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ na òwú náà le dáadáa láti Èkó dé New York, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú yí ìlà agbedeméjì ayé po: gbogbo àyíká yẹn jẹ́ kìlómítà 40,000. Lórí gílóòbù tèmi, àyíká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, Èkó sí New York jẹ́ 20. Ẹ fi 94 pín 40,000, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 20: ó sún mọ́ kìlómítà 8,500.

Bàlúù ńlá ń sá tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kì í yára bẹ́ẹ̀ tó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Nítorí náà, 850 ni mo fi ń pín in, màá wá fi ààbọ̀ wákàtí lé e. Lọ́ńdọ̀nù á jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 6 ààbọ̀, New York 10 ààbọ̀. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ń lọ, ẹ tún fi ààbọ̀ wákàtí kún un, torí pé lókè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́, ojú bàlúù ló sì ń kọ lù.

Aago ló tan àbúrò mi. Aago ìlú tí ẹ ti gbéra àti aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Lọ́ńdọ̀nù ń yí i. Láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí 1 ṣáájú wọn. Ẹ fi wákàtí yẹn kún 5 ààbọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó di 6 ààbọ̀ géérégé. Ti New York, wákàtí 6 la fi ṣáájú wọn nígbà òtútù, 5 nígbà ooru.

Ní báyìí, aago Èkó ni àbúrò mi ń fi sọ́wọ́ títí bàlúù á fi balẹ̀. Inú àpamọ́wọ́ ni òògùn rẹ̀ ń wà.