Bí a ṣe ń pààrọ̀ aṣọ àjà inú Ìjàpá nílé

Ìjàpá, mọ́tò Beetle ti Volkswagen, kò tíì tán ní Èkìtì. Ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò yìí pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn náà sì ni owó Údójì, àfikún owó oṣù, wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ wá wo iye tíṣà tó gun Ìjàpá nígbà náà! Àwọn kan nínú mọ́tò wọ̀nyẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá, láti Ìkọ̀lé dé Ìjerò, ẹ́ńjìnnì wọn kò sì kọ iṣẹ́. Aṣọ àjà ló máa ń dójú tini: á ya lápá iwájú, á so wálẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ẹni tó bá wọlé á máa fi orí gbé e.

Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín, bí ẹ bá ti rí ẹnì kan tó máa ràn yín lọ́wọ́, tí mọ́tò ò sì ní jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án ni pé fífà ló ni iṣẹ́ yìí. Gọ́ọ̀mù kàn ń di ohun tí ọwọ́ ti fà mú ni. Aṣọ tó bá dẹ̀, bí ẹ da odindi gálọ́ọ̀nù gọ́ọ̀mù sí i, á padà wálẹ̀.

Mọ́tò tí aṣọ àjà rẹ̀ so mọ́ àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó dé lẹ́yìn wọn, pátákó ni àjà wọn, wọ́n kàn lẹ aṣọ oní-fóòmù mọ́ ọn ni. Ìyẹn ò le: ẹ yọ pátákó, ẹ gbo fóòmù tó ti di ìyẹ̀fun kúrò, ẹ lẹ aṣọ tuntun tó ní fóòmù lẹ́yìn. Ó parí.

Ìgbà tó dára

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń bà lé gọ́ọ̀mù kí ẹ tó pa á pọ̀, kò sì ní mú. Ọyẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: eruku á lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, lẹ́dà tí a fi ń rán aṣọ àjà á sì gan láàárọ̀, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí wọ́n wà láàárín òkè. Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta lèmi fara mọ́, nígbà tí oòrùn mú tó láti mú lẹ́dà rọ̀.

Títú ti àtijọ́

Ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, torí wáyà iná inú mọ́tò gba ẹ̀yìn aṣọ àjà kọjá. Ẹ yọ ìjókòó, iná, dígí àárín àti pátákó tí a fi ń bo oòrùn lójú. Ẹ kó gbogbo sikúrù sínú agolo kan.

Ó kan gíláàsì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣojo. Kò sí ọgbọ́n míì: abẹ́ rọ́bà gíláàsì ni etí aṣọ àjà wọ̀ sí, níwájú, lẹ́yìn, àti ní fèrèsé méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí rọ́bà bá ti gan, ẹ fi bíléèdì gé e dànù kí ẹ ra tuntun; gíláàsì ṣòro rí ju rọ́bà lọ. Bí ó bá ṣì rọ̀, kí ẹnì kan wà nínú, kó máa fi igi pẹlẹbẹ ti etí rọ́bà síta díẹ̀díẹ̀ láti igun òkè, kí ẹnì kejì dúró níta láti gbà á.

Ẹ wá bó etí aṣọ yíká. Bí ẹ bá ti ń yọ ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ti iwájú ni 1. Wọn kò gùn dọ́gba, títẹ̀ wọn náà yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá dà wọ́n rú, ó ti ra ọjọ́ iṣẹ́ míì kún un. Ẹ fi nǹkan bo imú o. Mọ́tò tó ti wà lójú kan fún ọdún pípẹ́, eku ti sọ orí àjà rẹ̀ dilé.

Ẹ má gé aṣọ náà, ẹ má sì sọ ọ́ nù. Òun ni òdiwọ̀n yín.

Rírán tuntun

Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò, ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́. Maṣíìnì tí ìyàwó ilé fi ń rán búláòsì kò ní agbára lẹ́dà. Kí wọ́n tú ojú rírán ti àtijọ́, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tuntun, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀, kí wọ́n sì fi ínṣì méjì sí mẹ́ta kún un yíká, torí aṣọ àtijọ́ ti sún kì. Àpò gígùn tí ọ̀pá irin ń gbà wọlé ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ọ̀kan bá fi ààbọ̀ ínṣì yẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa rí i. Ẹ ní kí wọ́n fi àmì sí àárín gbùngbùn aṣọ, níwájú àti lẹ́yìn.

Kó tó ti ọwọ́ wọn dé, ẹ wo abẹ́ páànù òrùlé mọ́tò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, ẹ kun red oxide tí àwọn wẹ́ẹ́dà ń kùn sí géètì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ lè lẹ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i kí ariwo òjò lè dín kù.

Gbígbé e sókè

Ẹ sá lẹ́dà sóòrùn títí á fi rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ki ọ̀pá bọ àpò rẹ̀, ẹ wá gbé wọn sókè ní títẹ̀lé nọ́ńbà, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, kí orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wọ ihò rẹ̀. Ẹ fa wáyà iná jáde.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí àmì àárín aṣọ ṣe déédéé pẹ̀lú àárín ẹnu gíláàsì, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ há a mọ́ etí irin. Ẹ fa iwájú, ẹ fa ẹ̀yìn. Ẹ ó rí i tí àwọn ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ ń dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fa ẹ̀gbẹ́, lójú ibi tí wọ́n rán gan-an, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Fífà kan ṣoṣo kì í tó. Ẹ yọ pẹ́ẹ̀gì, ẹ tún un fà, títí tí ẹ bá fi ìka ta á, á dún bí awọ gángan. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀: bí ọ̀kan bá wọ́, ìsinsìnyí ni kí ẹ tún un ṣe.

Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà ló dára. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí sìgá àti iná má sún mọ́ ọn. Pẹ́ẹ̀gì mẹ́ta-mẹ́rin ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan, láti àárín lọ sí igun. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kun irin, ẹ kun aṣọ, ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ wá fà á kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní igun, ẹ gé etí tó ṣẹ́ kù sí wẹ́wẹ́ kó lè ṣẹ́ po, ṣùgbọ́n kí sísọ́ọ̀sì má kọjá etí irin.

Ibi tó bá rún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán bá a jà ná. Tí kò bá tán, ẹ gbé ooru kẹ́tù sún mọ́ ọn, ẹ bó ọ̀ọ́kán rẹ̀ kí ẹ tún un fà. Áyọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó gé àjẹkù. Fún ihò iná, ẹ fi ìka wá a, kí ẹ dá abẹ sí i díẹ̀. Ihò kékeré ṣe é fẹ̀, ńlá kò ṣe é dín.

Láti dá gíláàsì padà, ẹ fi rọ́bà wọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yíká inú kòtò rọ́bà, kí orí okùn méjèèjì wà nínú mọ́tò. Ẹ pa omi ọṣẹ sí i. Bí ẹnì kan ṣe ń tì í láti ìta, kí ẹnì kejì máa fa okùn láti inú, rọ́bà á sì máa gun etí irin bọ̀. Kí ẹ tó dá ìjókòó padà, ẹ da omi sórí mọ́tò, kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tó bá ń jò, ẹ tètè dí i, torí àbàwọ́n omi ìpẹtà kì í kúrò lára lẹ́dà funfun.