Ẹ Bọ́ Ṣàkì Kí Ẹ Tó Bọ́ Màlúù

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran ní Gwagwalada á gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn oníbàárà: "Èwo ni purotéènì ẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn?" Wọ́n á nàka sí kúlí ẹ̀pà, owó á jáde, ó parí. Èmi tí mo ń sin màlúù ní Kuje, tí mo ń se wàrà tà fáwọn ará ilé tó wà ní Abuja, ìbéèrè tèmi yàtọ̀: kí ni ṣàkì máa rí fi purotéènì yẹn ṣe?

Ṣàkì tí mò ń wí ni èyí tí ẹ ń rọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè, bí ìkòkò ògì tó ń kan ló rí, kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ló ń fọ́ koríko. Màlúù nìkan kò lè mú un dà. Tí ẹ bá da kúlí síwájú ẹran, àwọn ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n á tú púpọ̀ nínú rẹ̀ di amóníà (gáàsì tó ń ta imú bí ìtọ̀), wọ́n á fi amóníà yẹn kọ́ ara tiwọn, wọ́n á máa bí sí i. Tó bá yá, wọ́n á ṣàn lọ sínú ìfun, màlúù á wá jẹ àwọn náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó lé ní ìdajì purotéènì tí màlúù ń rí lò tó jẹ́ ara àwọn kòkòrò yìí.

Ṣùgbọ́n amóníà nìkan kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ oúnjẹ agbára lásìkò kan náà: èèrí àgbàdo, èèrí ọkà bàbà, èèpo ẹ̀gẹ́ tó gbẹ. Bí wọn ò bá rí i, amóníà á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di yúríà, màlúù á tọ̀ ọ́ dànù. Owó kúlí yín ló ń ṣàn lọ yẹn.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo koríko tó wà nílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tó gbẹ sórí ìdúró kì í sábà ní ju purotéènì 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí purotéènì inú gbogbo oúnjẹ ẹran kò bá ti tó nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ á falẹ̀ nínú ṣàkì, koríko á jókòó síbẹ̀, ikùn á yọ, ìhà á sì máa hàn. Ìgbà yìí ni kúlí díẹ̀ ń ṣe bẹbẹ, pàápàá tí ẹ bá fi ewé ẹ̀pà gbígbẹ, háráwà àwọn Hausa, tì í lẹ́yìn. Nígbà tí òjò bá dé tí koríko tútù yọ, òun fúnra rẹ̀ ti ní purotéènì tó ń tètè yòrò. Ẹ dín kúlí kù, ẹ fi èèrí kún un.

Àpòpọ̀ tí mo ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú kìló 100: èèrí àgbàdo 62, èso òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 25, kúlí ẹ̀pà 10, mineral láti ṣọ́ọ̀bù dókítà ẹran 2, iyọ̀ 1. Purotéènì rẹ̀ á wà ní bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ń pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ koríko.

Kúlí tètè ń yòrò nínú ṣàkì, ti òwú rọra ń lọ. Ìdí tí mo fi pa wọ́n pọ̀ nìyẹn. Májèlé kan wà nínú èso òwú, kòkòrò inú ṣàkì àgbà màlúù sì lè ká a lápá ko. Ọmọ màlúù kò ní irú wọn tó, ẹ má fún un rárá. Sóyà tí iná ti kàn dáadáa máa ń bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, apá kan rẹ̀ á dé ìfun bó ṣe wà. Ó dára fún èyí tí wọ́n fi Friesian, màlúù mílíìkì òyìnbó, gùn, tí mílíìkì rẹ̀ pọ̀. Bùnájì lásán, màlúù funfun àwọn Fúlàní? Ìnáwó ni.

Ní ti kúlí, ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo àárín rẹ̀. Èyí tó bá ti bu, aflatoxin, májèlé tí bíbu ń mú wá, lè wà nínú rẹ̀, á sì bá mílíìkì jáde. Sísè kò lè pa á. Bí wọ́n tiẹ̀ ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹ fi sílẹ̀.

Oúnjẹ tuntun, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì mú un wọlé díẹ̀díẹ̀, kí àwọn kòkòrò tó mọ̀ ọ́n jẹ lè pọ̀. Màlámù tó ń bá mi fún mílíìkì máa ń kùn sí èyí, ó ní màlúù kì í ṣe ìyàwó tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìgbẹ́. Èyí tó dáa máa ń jókòó, ó ga díẹ̀, kòtò kékeré á wà láàárín rẹ̀. Tó bá ń ṣàn, tí òórùn ìtọ̀ sì ń ta imú nínú ọgbà, purotéènì ti pọ̀ jù tàbí koríko ti kéré. Tó bá le, tó to jọ gègèrè, purotéènì ò tó. Mo ní asẹ́ ògì kan tí mo ń fi omi fọ ìgbẹ́ nínú rẹ̀ (ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ ilé ìdáná!). Tí mo bá rí koríko gígùn-gígùn àti horo àgbàdo odindi, mo mọ̀ pé ṣàkì ò rí iṣẹ́ ṣe tó.

Yúríà tí wọ́n ń tà nínú àpò bí ajílẹ̀ ńkọ́? Àwọn kòkòrò lè fi í kọ́ purotéènì, ó sì dínwó. Ẹ má kọjá gíráàmù 10 nínú kìló kan àpòpọ̀, ẹ pò ó kó kárí. Ẹ má pò ó mọ́ sóyà tútù, ẹ má yọ́ ọ sómi mímu, ẹ má fún ọmọ màlúù tàbí ẹran tí ebi ń pa. Tí ẹran bá ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ wú, ẹ pe dókítà ẹran kíá. Fíníkà (vinegar) àti omi tútù púpọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dà sí i lọ́nà ọ̀fun. Kí àpò yúríà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́.