Micra mi tó ń mu gáàsì

Micra kan ni mo ní tó ń ṣe tákísí n'Íbàdàn, Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá sí Sángo. Awakọ̀ tó ń wà á jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló ń ra epo, á sì kó owó dẹlífárì fún mi lálẹ́. Ètò yẹn dára títí di 29 oṣù karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí 2024 tó parí, lítà kan ti lé ní ₦1,000. Ojoojúmọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣàròyé: "Ọ̀gá, epo ló gbé gbogbo ẹ̀ jẹ lónìí o."

₦230 ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan gáàsì CNG nígbà yẹn, ìyẹn gáàsì àdáyébá tí mọ́tò lè lò dípò epo, iṣẹ́ tí lítà epo kan ń ṣe náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe. Mo ní kí n kówó lé e, kí wọ́n tún Micra mi ṣe kó lè máa lo gáàsì.

Kì í ṣe gáàsì ìdáná o. Gáàsì ìdáná máa ń di omi nínú sílíńdà láìfi agbára púpọ̀ tẹ̀ ẹ́. Eléyìí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tó bíi 200 bar, ìyẹn bí ìlọ́po igba agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ẹni tó bá gbé sílíńdà ilé ìdáná sí búùtù láti fi gba gáàsì yìí, ikú ló gbé síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú ní Benin City níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i. Wọ́n ní sílíńdà tí wẹ́dà ti jó ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tèmi.

Níbi tí mo gbé mọ́tò lọ fún iṣẹ́ náà, ọmọkùnrin tó yẹ ẹ́ńjìnì wò kọ́kọ́ dá mi padà. Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní gáàsì kì í bo àṣírí ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn. Mo lọ pààrọ̀ wọn.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, ₦850,000 ló kó lọ. Wọ́n de sílíńdà mọ́ búùtù, wọ́n fa páìpù irin gba abẹ́ mọ́tò wá síwájú. Gáàsì tó bá ń tú jáde máa ń tutù gan-an, torí náà wọ́n fa omi gbígbóná ara ẹ́ńjìnì wá sídìí régúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó dé ẹ́ńjìnì, kó má baà dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po omi ọṣẹ, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé páìpù. Lójú kan lẹ́bàá sílíńdà, ìfófòó kéékèèké mẹ́rin yọ, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń dátọ́. Wọ́n fún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ le, wọ́n tún kùn ún, kò yọ mọ́. Epo ni mọ́tò ṣì fi ń ṣí. Bó bá ti gbóná, á bọ́ sórí gáàsì fúnra rẹ̀.

Ibi tí mi ò ronú dé ni owó. Èmi ni mo sanwó iṣẹ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ló ń ra epo, nítorí náà òun nìkan ni gbogbo èrè ẹ̀ ń bọ̀ sí lápò! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó já a. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí lẹ rí sí i?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń retí ìgbà tí n ó bi òun. A fi ₦3,000 kún dẹlífárì títí owó mi yóò fi pé.

Òun náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiẹ̀. Búùtù ti kún, kò lè gbé àwọn ìyá ọlọ́jà tó lẹ́rù mọ́. Ilé gáàsì ò sì pọ̀, wákàtí mẹ́ta ló lò lórí ìlà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń lọ. Ọjọ́ tí ìlà bá ti gùn jù, epo ló ń rà, n kì í sì í gba ₦3,000 yẹn lọ́jọ́ náà. Bí fóònù mi bá ti dún kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.