Ọ̀rá Tó Kún fún Èsì Àyẹ̀wò: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Ẹni tí Ìsoríkọ́ Ń Bá Jà

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń bá ìsoríkọ́ gbé. Aṣọ ni mo ń rán, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn ọpọlọ tí mo ti ń gba oògùn, àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ̀ mí débi pé bí ẹni tuntun bá dé tí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń ní kó lọ jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan. Mo bi í pé, "Àbúrò mi, kí ló wà níbẹ̀?" Ó tú u. Èsì àyẹ̀wò ni: 17 ni mo kà. Máléríà, táífọ́ìdì, máléríà, táífọ́ìdì, àti àwòrán orí kan tó gba owó oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kó wọn jọ.

Inú bí mi. Kì í ṣe òun ló bí mi nínú. Èmi náà ní irú ọ̀rá yẹn nílé, mo sì mọ ohun tí a fi rà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ẹ ti mọ ohun tó ń jẹ́ ìsoríkọ́, mi ò ní máa tún un là yín lóye.

Èkíní, ẹ yé fi owó máléríà tọ́jú ìsoríkọ́.

Lára ọ̀pọ̀ wa, ìbànújẹ́ kọ́ ni àìsàn yìí fi ń kan ilẹ̀kùn. Ara ló ń gbà wọlé. Orí á máa gbóná bíi pé wọ́n da ata sí i. Nǹkan á máa rìn lábẹ́ awọ. Àyà á máa já láìsí ìdí, oorun á dá lójú láago mẹ́ta òru, oúnjẹ á dà bí igi lẹ́nu. Bí a bá wá dé iwájú ẹni tó fẹ́ tọ́jú wa, ohun tí a máa sọ ni, "Orí mi ń gbóná, ara mi kò le." Òtítọ́ ni a sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, abẹ́rẹ́ máléríà ló máa gbà lọ sílé.

Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ọdẹ ló wà nínú orí, wọ́n sì pè é ní ọdẹ orí. Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé ní 1987 lórí àwọn aláìsàn tó ní ọdẹ orí ló ń ṣe àwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ìsoríkọ́ àti àníyàn ló pọ̀ jù lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oyìnbó kan tó ń jẹ́ J. C. Carothers ti kọ ọ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1953 pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ọmọ Áfíríkà. Ní 1961, Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta, àti àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nílé wọn, wọ́n sì bá àmì ìsoríkọ́ níbẹ̀ dáadáa. Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ìbá máa fi pè é ni kò sí, àìsí orúkọ yẹn ló sì ń kó wa lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí dòní.

Ọdún kan àti oṣù 8 ni èmi fi tọ́jú táífọ́ìdì tí n kò ní. Ilé àyẹ̀wò kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, bí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á kọ 1/80 tàbí 1/160 sórí ìwé pélébé, wọ́n á ní ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó ti ní táífọ́ìdì rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, lè máa ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára fún ìgbà pípẹ́ láìsí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Widal ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n ṣe é kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi táífọ́ìdì. Èyí tó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò máa hù níbẹ̀.

Wọ́n á fa dírípù sí mi lápá. Ọjọ́ méjì tí mo bá fi dùbúlẹ̀, ara á fúyẹ́ díẹ̀, màá ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Ìsinmi ni. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà ló wà nínú àpò yẹn, a sì ní gbogbo rẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ kẹta, màá tún padà síbi tí mo wà. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan láti fi san gbèsè wọn. Ẹ̀rọ tí ìyá mi rà fún mi nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ tí ojú mi là, mo ní aṣọ ìyàwó kan láti parí. Mo tẹ́ léèsì náà sórí tábìlì láàárọ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì dání, ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀, n kò tíì gé nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Òun ló mú mi lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà kékeré kan, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, kò tilẹ̀ wo ọ̀rá mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn nǹkan tí ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì ń gbádùn wọn?" N kò rí i dáhùn. Ìbéèrè yẹn kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí ara kò bá le fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara sì ní ara yín kò gbóná, ẹ ya ẹnu yín sọ ìyókù. Ẹ sọ pé ẹ̀ ń jí lóru. Ẹ sọ pé n kò gbádùn nǹkan kan mọ́, ó rẹ̀ mí láti ìdìde, mo ń rí ara mi bí ẹni tí kò wúlò. Bí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bá ń bà yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ nà án sí dókítà. Àyẹ̀wò díẹ̀ wà tó yẹ kẹ́ ẹ ná owó lé lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ máa ń ṣe bí ìsoríkọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, bí kò bá ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí dókítà yan èyí tó yẹ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ara yín wọ ilé àyẹ̀wò lọ rà á bí ẹní ra ata.

Èkejì ni ti oògùn ìsoríkọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ yín ń jù ú nù, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Wàhálà oògùn ti dé, èrè rẹ̀ kò tíì dé. Amitriptyline á gbẹ yín lẹ́nu, á sì máa mú yín tòògbé. Fluoxetine lè máa rìn yín nínú tàbí kó fọ́ yín lórí. Inú yín á wá sọ pé wọ́n tún ti jẹ owó yín. Ẹ ní sùúrù. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni ìmọ́lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí kò bá mọ́lẹ̀ nígbà náà, ẹ padà lọ sọ fún wọn, wọ́n lè fi kún un tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Oògùn kejì ni èyí tó gbà lára mi.

Àwọn kan tún wà tí ara wọn á yá tán, tí wọ́n á dúpẹ́, tí wọ́n á sì ju oògùn sínú ààtàn. Mo ṣe é. Oṣù kẹta ni, mo jó níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo délé, mo ní ó ti parí. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, òòyì ń kọ́ mi, ó ń dà bíi pé iná mànàmáná ń ta mí nínú orí, mo ń lá àlákálàá. Kí òjò tó dá lọ́dún yẹn, mo ti padà sórí ibùsùn. Ó kéré tán, oṣù 6 la fi ń lò ó lẹ́yìn tí ara bá ti yá, àwọn mìíràn ń lò ó títí dé oṣù 9 tàbí 12. Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bíi tèmi lè lò ó fún ọdún púpọ̀. Bí àsìkò bá tó láti dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù.

Ẹ má fún aládùúgbò yín nínú oògùn yín.

Ẹ má lọ máa ra oògùn oorun ní kẹ́místì. Diazepam àti bromazepam máa ń di bárakú, ìsoríkọ́ á sì wà níbẹ̀ tí ẹ bá jí.

Ẹ má da tramadol pọ̀ mọ́ oògùn ìsoríkọ́ láé. Gìrì lè mú yín.

Bí ìgbà kan bá wà tí inú yín dùn kọjá ààlà, tí ẹ kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀ tí kò sì rẹ̀ yín, tí ẹ ń náwó ní ìnákúnàá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbo kò ṣeé fi gbólóhùn kan sọ. Mi ò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà, baba mi àgbà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú ìgò. Egbò igi asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n fi ń rọ orí wèrè láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí èròjà kan wà nínú rẹ̀, reserpine, tí àwọn oyìnbó náà ti fi tọ́jú wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń fa oorun, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Wèrè kọ́ ni ìsoríkọ́ o. Àwọn tó ń ṣe reserpine fúnra wọn kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní ìsoríkọ́ má lò ó. Wọ́n fún mi mu nígbà kan, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi sùn, nígbà tí mo sì dìde, òòyì kọ́ mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Wèrè tí wọ́n rò pé ó ń ṣe mí ni wọ́n tọ́jú.

Ẹ gbàdúrà, ẹ gbààwẹ̀, èmi náà ń ṣe é. Oògùn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ṣeé lò nígbà sààrì tàbí nígbà ìṣínu, ẹ kàn béèrè èyí tó dára jù lọ́wọ́ dókítà kí Ramadan tó wọlé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ju oògùn nù kí àdúrà tó lè gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ilé yín lọ.

Ìtìjú náà ń náni lówó. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ti wà, a sì ti sọ orúkọ rẹ̀ di èébú, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ Aro. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má rí wọn lẹ́nu géètì, àwọn èèyàn ń san owó ńlá níbi ìkọ̀kọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ibùdókọ̀ tó ṣáájú ọsibítù ni mo máa ń sọ̀ sí, màá wá fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Bí géètì bá le jù fún yín, ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka ọpọlọ tiẹ̀, géètì kan náà ni ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ àti aboyún ń gbà wọlé.

Ẹ má dá lọ. Nígbà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954, inú ilé àwọn ará abúlé ni aláìsàn ń gbé, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Mo mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ìsoríkọ́ ń jí ìrántí. Dókítà á sọ nǹkan márùn-ún, ẹyọ kan lẹ máa gbé délé. Ẹ̀yin ìbátan, iṣẹ́ yín nìyẹn: ẹ bá a gbọ́, ẹ bá a rántí, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Gbé e kúrò lọ́kàn" kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Bí agbára rẹ̀ bá gbé e, ìbá ti gbé e tipẹ́.

Bó bá sì sọ pé ilé ayé sú òun, tàbí pé ẹ máa sinmi bí òun kò bá sí mọ́, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì bú u. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn àti oògùn kòkòrò kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sùn sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi fún òru mẹ́rin. Òun ni mo fi wà níbí.

Wọ́n pe orúkọ ọmọkùnrin náà. Ó dìde, ó bi mí bóyá kó gbé ọ̀rá rẹ̀ wọlé. Mo ní kó gbé e dání, ṣùgbọ́n kó tó tú u, kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń sùn. Ó pẹ́ nínú yàrá yẹn. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ìwé oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá sì bọ́ sí ọjọ́ tèmi.