Ẹ̀rù Ló Ń Ba Tanímọ̀la, Kì Í Ṣe Agídí

₦85,000 ni mo san fún àwọn tó ń kọ́ ajá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Tanímọ̀la, ajá mi tí mo ń pè ní Tani, fi wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dá a padà, egbò yí ọrùn rẹ̀ po, bí ọkùnrin kankan bá sì gbọ́wọ́ sókè, àní kó jẹ́ pé orí ara rẹ̀ ló fẹ́ họ, Tanímọ̀la á tọ̀ sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, inú ṣì ń bí mi. Mo ń kọ èyí kí ẹlòmíràn má baà kó owó fún ẹni tí yóò fi ẹgba ba ajá rẹ̀ jẹ́.

Bódìjà là ń gbé, n'Íbàdàn, lójú títì tí ọ̀kadà kì í dákẹ́. Ìyá Tani jẹ́ ajá ìbílẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian. Nígbà tó wà lọ́mọ, gbogbo ènìyàn ló gbà mí níyànjú pé kí n tì í mọ́ kéèjì lẹ́yìnkùlé, kí àlejò má rí i, kí n máa tú u sílẹ̀ lóru nìkan, kó lè rorò dáadáa. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n máa po ata mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mi ò gba ti ata, àmọ́ mo gba ti kéèjì. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá ti bí ọmọ ajá títí yóò fi pé bí oṣù mẹ́ta ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tó wà láyé: ọmọdé tó ń sáré, agbòjò, ọ̀kadà, ọkùnrin tó dé fìlà. Ohun tí kò bá mọ̀ lásìkò yẹn lè máa bà á lẹ́rù títí ọjọ́ alẹ́. Inú kéèjì ni Tani ti lo àsìkò yẹn.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, ó gé ọmọkùnrin tó máa ń gbé gáàsì wá fún wa jẹ lẹ́sẹ̀. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tani ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dún yẹn, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ a so ó mọ́lẹ̀, a sì ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Èmi ni mo sanwó abẹ́rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sin ajá, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ọdọọdún yẹn ṣeré.

Ìtìjú yẹn ló sáré gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkùnrin tó wá mú un wí, "agídí ló wà lára ẹ̀, a máa lé e jáde." Ẹ̀wọ̀n tó ń fún ọrùn pọ̀ tí wọ́n bá fà á ló fi mú un lọ. Kò jẹ́ kí n wá wò ó rárá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí Tani tó lọ, bí ara rẹ̀ kò bá gba ènìyàn, ó kọ́kọ́ máa ń kùn, á sì yọ eyín, kí onítọ̀hún lè sún sẹ́yìn. Nígbà tó dé, kò kùn mọ́. Wọ́n ti nà án títí kíkùn fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú un kùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wá di ajá tó ń fò mọ́ ènìyàn láìkìlọ̀. Ṣé irú èyí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́?

Àwọn ará àdúgbò ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo fẹ́ẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi obìnrin tó ní ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà yẹn kò tíì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta tó fi na iná tọ́ọ̀ṣì sínú etí Tani. Ọyún ló kún etí òsì. "Mà, ẹ wá wò ó," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí etí yìí ti ń dùn ún. Ẹni tí etí ń dùn, tí wọ́n tún ń fa ẹ̀wọ̀n mọ́ lọ́rùn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?" Mo sunkún níbẹ̀. Àwọn tó gba ₦85,000 lọ́wọ́ mi di ajá yìí mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnìkan nínú wọn kò yẹ etí rẹ̀ wò.

A tọ́jú etí. Lẹ́yìn náà ni dókítà kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ajá kó tó di pé ó gbó: ó máa ń lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí, ó máa ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, ó máa ń gbójú sá, funfun ẹyinjú rẹ̀ á hàn, ara rẹ̀ á gan. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Tani ti ń ṣe lójú mi fún ọdún méjì, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń bá mi sọ.

Bí a ṣe ń kọ́ ajá pé kó jókòó, kó dúró, kó wá, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mo sọ ẹ̀wọ̀n nù, mo ra bẹ́líìtì tó ń gba àyà kọjá, tí kì í fún ọrùn. Mo tún ra ohun tí wọ́n fi ń bo ẹnu ajá, èyí tó rí bí agbọ̀n tí ó lè fi la ẹnu mí, tí ó sì lè fi mumi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé ẹ̀dọ̀ sínú rẹ̀ kí ó tó di pé òun fúnra rẹ̀ ń ti ẹnu bọ̀ ọ́. Mo fi yangàn, nítorí pé mi ò fi ipá mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ gan-an rèé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, tí títì kò tíì kún, mo máa ń mú un lọ sí pápá kan tó jìnnà sójú ọ̀nà, níbi tí ó ti lè rí ọ̀kadà àmọ́ tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà bá yọ, mo fún un ní ẹ̀dọ̀. Ọ̀kadà bá lọ, ẹ̀dọ̀ parí. Ọ̀kadà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹ̀dọ̀ tẹ̀lé e. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ̀dọ̀ yẹn ni yóò wá di ohun tó ń já a láyà. Dókítà ní ohun kan náà ni Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, rí lára àwọn ajá tirẹ̀: ohun tó bá máa ń ṣíwájú oúnjẹ, bó pẹ́ bó yá, òun náà á máa mú itọ́ dà lẹ́nu ajá. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni mo ń lò, ọjà Bódìjà náà ni mo ti ń rà á. Mo máa ń bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá, màá sì gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Bí Tani bá kọ ẹ̀dọ̀, mo mọ̀ pé a ti sún mọ́ ọ̀nà jù. Ajá tí àyà rẹ̀ ń já kì í jẹun. A ó padà sẹ́yìn, màá fọ́n èyí tó kù sínú koríko kó máa fi imú wá a kiri, torí imú lílò a máa mú ara rẹ̀ rọlẹ̀, a ó sì relé.

Ní oṣù kejì, a ti wá sí ẹsẹ̀ 25. Ọ̀kadà kan kọjá pẹ̀lú ariwo, Tani wò ó, ó sì yí orí padà wò mí lójú, bí ẹni pé, "Ẹ̀dọ̀ mi dà?" Mo pariwo ayọ̀ débi pé ìyá tó ń ta àkàrà létí pápá wá bèèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Ibi tí mo ti fẹ́ sá fún un ni géètì wa.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kan géètì n'Íbàdàn. Wọ́n á ṣa òkúta, wọ́n á fi lù ú gbàgà gbàgà, tàbí kí wọ́n fi àgádágodo gbá a títí ẹ ó fi jáde. Ìró irin yẹn ló ń ba Tani lẹ́rù ju gbogbo nǹkan lọ. Mo gba ìró náà sínú fóònù, mo ń gbé e sáfẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀, bí òun ṣe ń jẹ ẹ̀dọ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi díẹ̀ kún ariwo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ṣe é, ó sì ń gbọ́ ìdajì ariwo láìmira. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹni tó gbé ìwé owó iná wá ki òkúta mọ́lẹ̀, ó lu géètì bí ẹni tí ilé ń jó. Tani wó àga, ó tọ̀ sára, kò sì jẹun di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án bọ́ sódò lójú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ ọ́ sórí pákó, lẹ́tà gàdàgbà: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KAN GÉÈTÌ, Ẹ PE NỌ́ŃBÀ YÌÍ. Ẹnìkan dúró, ó ka pákó yẹn sókè ketekete, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, ó sì kan géètì lẹ́yìn tó kà á tán. Mo ra aago tó ń lo iná. Iná kò sí. Mo ra èyí tó ń lo bátìrì, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi wà níbẹ̀ kí olè tó tú u. Agogo méjì ọ̀sán ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń kọjá, wọ́n á fi igi wọ́ ara irin géètì láti òpin kan dé èkejì, kàràràrà, Tani á máa sáré tẹ̀lé wọn nínú ilé pẹ̀lú ìfófòó lẹ́nu. Oṣù kan gbáko ni mo fi wà lórí géètì yìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí mo rò pé kí n kúkú fà á fún ẹni tó ń gbé lóko.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ni mo ti rí ojútùú. Mo ra rọ́bà inú táyà àlòkù ní ₦1,500, mo gé e, mo fi wé gbogbo ibi tí ọwọ́ ènìyàn máa ń dé lára géètì, mo sì wé àgádágodo pàápàá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá lu géètì wa, gbì-gbì ló ń dún, bí ẹni ń lu ìrọ̀rí. ₦1,500! Mo rántí ₦85,000, inú tún bí mi.

Ní ti àwọn ọmọ ilé ìwé, mo lọ bá àwọn òbí wọn, mo sì bẹ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́ láti kọ́ Tani. Wọ́n á dúró síta, géètì á wà ní títì, èmi àti Tani á wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọgbà. Ọmọ kan á kàn án lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, màá fún Tani ní ẹ̀dọ̀. Ọmọ mìíràn á tún kàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ yìí ló wá ń bá àgbàlagbà wí pé, "Ẹ má kàn án báyẹn, ẹ̀ ń dá ẹ̀rù ba Tani." Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ọwọ́ èmi gan-an ló ti ń wá. Bí Tani bá ti ń gbó, èmi náà á máa ké, "Tani, dákẹ́! Dákẹ́!" Létí rẹ̀, èmi náà ń bá a gbó ni. Bí mo bá sì ti rí ọ̀kadà lókèèrè, ọwọ́ mi á fún okùn pọ̀ kí òun tó rí i rárá, okùn yẹn ló ń ròyìn ẹ̀rù fún un. Mo kọ́ láti tú ọwọ́ sílẹ̀, kí n mí kanlẹ̀, kí n máa kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó le ju ti ajá lọ. Bàbá kan ládùúgbò tí ajá tirẹ̀ ti dàgbà, tó sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ló ń bá mi rìn ní ìrọ̀lẹ́: àwọn lápá ọ̀tún títì, àwa lápá òsì, ọ̀nà kan náà là ń kọjú sí, àwọn ajá kò sì ní pàdé. Tani ń wo bí èkejì ṣe ń rìn, òun náà sì ń rọ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni màá ti kọ́kọ́ ná kọ́bọ̀ mi. Ẹ tún bi ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ajá yín léèrè pé kí ni yóò ṣe bí ajá bá ṣe àṣìṣe, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ dúró wò ó. Bí kò bá gbà, ẹ mú ajá yín relé.

Ti bánńgà oṣù Kejìlá, a kò tíì borí ìyẹn. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti máa ń mú Tani wọ yàrá àárín tí kò ní fèrèsé sójú títì, màá tan rédíò, màá sì jókòó tì í. Bó bá fẹ́ sá sábẹ́ ibùsùn, mi ò ní fà á jáde.

Ọmọkùnrin oní-gáàsì ti padà ń wá. Ó máa ń pè mí lórí fóònù láti ìkóríta, màá so Tani mọ́ ìdí máńgòrò, màá fi agbọ̀n bo ẹnu rẹ̀, ọmọ náà á sì dúró lókèèrè, á ju ẹ̀dọ̀ méjì sí i, kékeré tó lè gba àárín agbọ̀n wọlé, kó tó gbé sílíńdà wọlé. Tani kì í yẹ ojú kúrò lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ títí á fi lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bó ṣe ń gbé sílíńdà kọjá, Tani na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó gbé orí lé e.